Bí ẹ ṣe máa to kọ̀ntírólà méjì sórí àpótí ìpamọ́ dátà kí iṣẹ́ má bàa dúró bí ọ̀kan bá kú

Ọ̀pọ̀ àpótí ìpamọ́ dátà tó wà nínú yàrá sáfà ló ní kọ̀ntírólà méjì lẹ́yìn, A àti B. Ẹni tó rà á á ti gbà pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀: bí A bá kú, B á gba iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ B ò lè gba nǹkan kan bí ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ bá ti dí, bí iná rẹ̀ bá ń wá láti ojú kan náà pẹ̀lú ti A, tàbí bí sáfà ò bá tiẹ̀ mọ̀ pé B wà láyé. Mo ti fojú ara mi rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́sọ́nà yìí fi bẹ̀rẹ̀ láti ìdí wáyà, tó sì lọ títí dé ibi tí ẹ ó ti fi ọwọ́ ara yín fa kọ̀ntírólà kan yọ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́.

iSCSI (ọ̀nà tí sáfà fi ń lo dísìkì gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) àti sáfà Linux ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé wọ́n wọ́pọ̀, ẹ sì lè rí gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti ń tẹ àṣẹ. Bó bá jẹ́ Fibre Channel tàbí SAS (ọ̀nà míì tí wọ́n fi ń so sáfà mọ́ àpótí) lẹ̀ ń lò, wáyà àti orúkọ ló yàtọ̀, ìrònú kan náà ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Kọ̀ntírólà ni kọ̀ǹpútà kékeré tó wà láàárín sáfà àti dísìkì. Òun ló ń gba ohun tí sáfà fẹ́ kọ, òun ló ń fi í sínú cache (ìrántí ayára inú rẹ̀) fúngbà díẹ̀, òun ló ń ṣe ìṣirò RAID (pípín dátà sórí dísìkì púpọ̀) kó tó gbé e lọ sórí dísìkì. RAID ń gbà yín sílẹ̀ bí dísìkì bá bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè ṣe fún yín bí kọ̀ntírólà tó ń ṣe ìṣirò náà gan-an bá kú.

Irú mẹ́ta ló wà. Nínú àkọ́kọ́, kọ̀ntírólà kan ń ṣiṣẹ́, èkejì jókòó ó ń dúró de ọjọ́ rẹ̀. Nínú ìkejì, àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ lórí LUN kan náà bákan náà, kò sí olórí kò sí ọmọlẹ́yìn. (LUN ni apá ààyè ìpamọ́ tí àpótí gé fún sáfà, tí sáfà ń rí bíi dísìkì kan.) Ìkẹta ni ALUA, òun ló sì wọ́pọ̀ jù lórí àpótí tí kò tóbi jù tí kò sì kéré jù. Níbẹ̀, LUN kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ntírólà tó ni ín. Bí sáfà bá gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ni LUN wọlé, ọ̀nà tààrà ni. Bó bá gba ọ̀dọ̀ èkejì, iṣẹ́ á ṣì lọ, ṣùgbọ́n á rìn yípo gba àárín kọ̀ntírólà méjèèjì kọjá, á sì pẹ́ díẹ̀. Ẹ wo inú ìwé àpótí yín kẹ́ ẹ mọ èyí tó jẹ́, torí pé ètò tẹ́ ẹ máa ṣe sórí sáfà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ yé dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú, ìyẹn ẹ̀dà cache. Nígbà tí sáfà bá kọ nǹkan, A á gbà á sínú cache tirẹ̀, á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sínú cache B, ìgbà yẹn ló tó máa dá sáfà lóhùn pé òun ti kọ ọ́. Dátà yẹn ò tíì dé orí dísìkì o. Bí A bá kú níṣẹ́jú yẹn, ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ B ni ẹ̀mí dátà yín. Àwọn àpótí kan máa ń gbà kẹ́ ẹ pa ẹ̀dà yìí kí ìkọ̀wé lè yá sí i. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá pa á ti sọ ara rẹ̀ di oníkọ̀ntírólà kan, ó kàn jẹ́ pé méjì ni owó tó san. Bátìrì tàbí kapasítọ̀ tó wà nínú kọ̀ntírólà wà fún ìgbà tí iná méjèèjì bá lọ lẹ́ẹ̀kan náà: òun ló ń fún cache lágbára títí tó fi máa sá wọ inú flash (ìpamọ́ tí kì í sọnù bí iná bá lọ).

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ wọn ẹrù tó wà lórí wọn

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan, ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó lórí kọ̀ntírólà kọ̀ọ̀kan ní àkókò tí iṣẹ́ máa ń le jù, kì í ṣe ní òru nígbà tí gbogbo ayé ti sùn. Ká ní A ń lo ìdá 70 nínú 100 agbára rẹ̀, tí B ń lo ìdá 60. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá kú, èyí tó kù á ní láti gbé ìdá 130, kò sì ní ibi tó máa gbé e sí. Iṣẹ́ á falẹ̀ débi pé àwọn ètò orí sáfà á rò pé dísìkì ti kú, wọ́n á sì máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìṣirò lásán á ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má kọjá ìdá 50. Èmi kì í jẹ́ kó kọjá 40. Ìdí ni pé bí kọ̀ntírólà bá ku ẹyọ kan, kò sí ẹni tó máa ṣe ẹ̀dà cache fún un mọ́, ọ̀pọ̀ àpótí á sì dáwọ́ lílo cache fún ìkọ̀wé dúró, wọ́n á máa kọ gbogbo rẹ̀ tààrà sórí dísìkì. Nítorí náà, kì í ṣe ẹrù nìkan ló pọ̀ sí i lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ tó gbé e pàápàá ti rọ. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un.

Ìgbésẹ̀ 2: iná àti dísìkì

Àpótí náà ní orísun iná méjì, ọ̀tún àti òsì. Ọ̀tún gbọ́dọ̀ lọ sí PDU (pátákó oníhò tó ń pín iná nínú ráàkì) kan, òsì sí òmíràn, kí PDU kọ̀ọ̀kan sì gba iná lọ́dọ̀ UPS (ẹ̀rọ bátìrì tó ń gbé iná bí iná bá lọ) tirẹ̀. Ẹ má fojú wo wáyà kẹ́ ẹ gbà pé ó dáa. Ẹ di orí rẹ̀ kan mú lẹ́yìn àpótí, kẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ tọ̀ ọ́ lọ títí ẹ ó fi dé ibi tó ti wọ PDU. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, wáyà dúdú méjì kúrò lẹ́yìn àpótí, ọ̀kan gba ọ̀tún ráàkì, èkejì gba òsì, wọ́n dì wọ́n dáadáa, ó wu ojú. Nígbà tí mo tọ̀ wọ́n dé ìsàlẹ̀, àwọn méjèèjì tún pàdé lábẹ́ ráàkì, wọ́n jọ wọ PDU kan náà, ihò kẹta àti ihò kẹrin.

Ní ti dísìkì, ó gbọ́dọ̀ ní ẹnu méjì kí kọ̀ntírólà méjèèjì tó lè rí i. Dísìkì SAS ní ẹnu méjì. SATA ní ẹyọ kan, àfi tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ kékeré kan sí i nídìí tó ń pín in sí méjì. Ìdí rèé tí káàdì RAID méjì nínú sáfà tó kún fún dísìkì SATA kò fi dípò ohun tí à ń sọ yìí: káàdì kejì ò ní rí dísìkì kankan tó máa gbà.

Bẹ́ ẹ bá ní àfikún àpótí dísìkì, bí wáyà ṣe gba inú wọn ṣe pàtàkì. Ká ní mẹ́ta ni wọ́n. Kí wáyà A wọ àkọ́kọ́, kó lọ sí ìkejì, kó parí sí ìkẹta. Kí ti B gba òdìkejì: kó kọ́kọ́ wọ ìkẹta, kó wá sí ìkejì, kó parí sí àkọ́kọ́. Bí àpótí àárín bá kú, A ṣì ń rí àkọ́kọ́, B ṣì ń rí ìkẹta. Bó bá jẹ́ pé òkè lẹ ti mú àwọn méjèèjì wá, ikú àpótí àárín á gé ìkẹta kúrò lọ́dọ̀ A àti B lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ohunkóhun ò ṣe ìkẹta yẹn.

Ìgbésẹ̀ 3: nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Súwíìṣì méjì, tí wọn ò so mọ́ra fún iṣẹ́ yìí, àti subnet (apá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ní àdírẹ́sì tirẹ̀) méjì. Sáfà kọ̀ọ̀kan á ní ẹnu nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì lórí káàdì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí pé ẹnu méjì lórí káàdì kan jọ ń kú ni. Àwọn àdírẹ́sì tí mo máa lò nísàlẹ̀ rèé:

```
A, ẹnu 0    10.0.10.11    súwíìṣì 1
A, ẹnu 1    10.0.20.11    súwíìṣì 2
B, ẹnu 0    10.0.10.12    súwíìṣì 1
B, ẹnu 1    10.0.20.12    súwíìṣì 2
sáfà        10.0.10.51    súwíìṣì 1
sáfà        10.0.20.51    súwíìṣì 2
```

Ẹ kíyè sí i pé A wà lórí súwíìṣì méjèèjì, B náà bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe tí mo máa ń bá jù ni kí wọ́n fa gbogbo wáyà A sórí súwíìṣì 1, kí wọ́n fa gbogbo ti B sórí súwíìṣì 2. Ó dà bí ohun tó létò, ṣùgbọ́n ó ti so ikú súwíìṣì mọ́ ikú kọ̀ntírólà: bí súwíìṣì 1 bá fẹ́ tún ara rẹ̀ tàn, gbogbo LUN tó wà lọ́dọ̀ A á ní láti ṣí lọ sọ́dọ̀ B, láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe A. Pẹ̀lú ètò tó wà lókè yìí, ọ̀nà méjì nínú mẹ́rin ló máa pa rẹ́, LUN á sì dúró síbi tó wà.

Ẹ má so ẹnu nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan lórí sáfà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá wà, multipath (ètò orí sáfà tó ń kó ọ̀nà púpọ̀ jọ, a máa dé ibẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 5) ló máa bójú tó wọn.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lo MTU (ìwọ̀n ìdì dátà tó tóbi jù tó lè kọjá lẹ́ẹ̀kan) 9000, gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ lò ó: àpótí, súwíìṣì àti sáfà. Bí ẹnì kan bá kù lẹ́yìn, ìwọlé á dáa, ohun kékeré á kọjá, ohun ńlá á há sọ́nà, ẹ ó sì máa wá àìsàn tí kò ní orúkọ kiri. Ẹ dán an wò lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan:

```
ping -M do -s 8972 10.0.10.11
```

8972 ni, kì í ṣe 9000, torí pé àwọn àmì ìdánimọ̀ IP àti ICMP gba 28 nínú rẹ̀.

Kọ̀ntírólà kọ̀ọ̀kan tún ní ẹnu ìṣàkóso tirẹ̀. Ẹ so méjèèjì, kẹ́ ẹ sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Bí A tẹ́ ẹ máa ń gbà wọlé bá kú, ẹnu B lẹ ó ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: lórí àpótí fúnra rẹ̀

Ibí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí firmware (ètò tó wà nínú kọ̀ntírólà fúnra rẹ̀) A àti B jẹ́ ọ̀kan náà, kí aago wọn bá ara wọn mu láti ọ̀dọ̀ NTP (ètò tó ń mú aago dọ́gba lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), torí pé bẹ́ ẹ bá fẹ́ ka àkọsílẹ̀ àwọn méjèèjì lọ́jọ́ wàhálà, aago tí kò dọ́gba á dà yín láàmú. Ẹ rí i pé ẹ̀dà cache wà ní títàn, pé bátìrì ò ní ẹ̀sùn, pé dísìkì àfikún wà ní ìpamọ́ fún RAID.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín LUN. Kí ìdajì jẹ́ ti A, kí ìdajì jẹ́ ti B, ṣùgbọ́n ẹ má fi iye nìkan pín in. LUN kan tó gbé ibi ìpamọ́ àkọsílẹ̀ oníṣòwò ńlá lè wúwo ju mẹ́fà tó gbé fáìlì lásán lọ. Ẹ dá orúkọ sáfà sílẹ̀ lórí àpótí pẹ̀lú IQN rẹ̀ (orúkọ ìdánimọ̀ rẹ̀ nínú iSCSI), ẹ fún un ní LUN, kí nọ́ńbà LUN náà sì rí bákan náà yálà láti ọ̀dọ̀ A tàbí láti ọ̀dọ̀ B. IQN sáfà wà nínú `/etc/iscsi/initiatorname.iscsi`.

Ìgbésẹ̀ 5: sáfà gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Lójú sáfà tí kò ní multipath, ọ̀nà mẹ́rin tó wọ ọjà kan á dà bí ọjà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: á rí dísìkì mẹ́rin, sdb, sdc, sdd, sde, kò sì ní mọ̀ pé ohun kan náà ni wọ́n. Iṣẹ́ multipath ni láti kó wọn jọ sábẹ́ orúkọ kan.

Lórí Red Hat àti àwọn ẹbí rẹ̀:

```
dnf install iscsi-initiator-utils device-mapper-multipath
```

Lórí Debian àti Ubuntu, `open-iscsi` àti `multipath-tools` ni.

Kẹ́ ẹ tó wá àpótí rárá, ẹ ṣí `/etc/iscsi/iscsid.conf`, kẹ́ ẹ yí ìlà yìí padà:

```
node.session.timeo.replacement_timeout = 5
```

120 ló máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìtumọ̀ 120 ni pé bí ọ̀nà kan bá kú, iSCSI á di iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀ mú fún ìṣẹ́jú méjì gbáko, á máa retí pé ọ̀nà náà á jí, kó tó sọ fún multipath pé ó ti kú. Ìyẹn dáa fún sáfà tó ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Fún ẹni tó ní mẹ́rin, ìdúró lásán ni. Ẹ yí i padà kẹ́ ẹ tó wá àpótí, torí pé ìgbà ìwákiri ni iSCSI máa ń ṣe ẹ̀dà ètò yìí fún àpótí kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá yí i padà lẹ́yìn ìgbà yẹn, èyí tó ti wà nílẹ̀ ò ní gbọ́.

```
iscsiadm -m discovery -t sendtargets -p 10.0.10.11
iscsiadm -m node --login
iscsiadm -m session
```

Àṣẹ ìkẹta gbọ́dọ̀ fi ìlà mẹ́rin hàn yín. Bó bá jẹ́ méjì, ó ṣeé ṣe kí àpótí yín má sọ àdírẹ́sì B fún ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ A. Ẹ tún ìwákiri ṣe pẹ̀lú àwọn àdírẹ́sì yòókù.

Ó wá kan multipath (àṣẹ yìí wà fún Red Hat àti àwọn ẹbí rẹ̀):

```
mpathconf --enable --with_multipathd y
```

Nínú `/etc/multipath.conf`:

```
defaults {
    user_friendly_names   yes
    find_multipaths       yes
    polling_interval      5
    path_grouping_policy  group_by_prio
    prio                  alua
    path_checker          tur
    failback              immediate
    no_path_retry         12
}
```

`group_by_prio` àti `alua` ló ń jẹ́ kó ya ọ̀nà tààrà sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà ayípo. `no_path_retry 12` pẹ̀lú `polling_interval 5` túmọ̀ sí pé bí gbogbo ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pa rẹ́, á gbìyànjú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kó tó sọ fún ètò orí sáfà pé kò sí dísìkì mọ́. Àwọn kan máa ń fi `queue` síbẹ̀, ìyẹn ni pé kó dúró títí láé. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀: sáfà á há, kò ní kú, kò ní yè, pípa rẹ̀ pàápàá á di ìjàkadì.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan. Multipath ti ní ètò ọ̀pọ̀ àpótí tó gbajúmọ̀ nínú ara rẹ̀, èyí tó bá sì sọ nípa àpótí yín níbẹ̀ ló máa borí ohun tẹ́ ẹ kọ sínú `defaults`. Bí olùpèsè àpótí yín bá ní ìlànà tirẹ̀, abala `devices` lẹ ó kọ ọ́ sí. Ẹ tẹ `multipathd show config` kẹ́ ẹ rí ohun tó ń lò gan-an.

Lẹ́yìn náà, `multipath -ll`:

```
mpatha (3600xxxxxxxxxxxxx) dm-2
size=500G features='1 queue_if_no_path' hwhandler='1 alua' wp=rw
|-+- policy='service-time 0' prio=50 status=active
| |- 3:0:0:1 sdb 8:16 active ready running
| `- 4:0:0:1 sdc 8:32 active ready running
`-+- policy='service-time 0' prio=10 status=enabled
  |- 5:0:0:1 sdd 8:48 active ready running
  `- 6:0:0:1 sde 8:64 active ready running
```

Ẹ kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà. Ẹgbẹ́ tó ní `prio=50` ni ọ̀nà tààrà, ọ̀dọ̀ kọ̀ntírólà tó ni LUN yìí. Ẹgbẹ́ `prio=10` ni ọ̀nà ayípo, tó ń dúró. Méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ẹgbẹ́ kan lórí àpótí ALUA, ètò yín ò tíì gbọ́ ohun tí àpótí ń sọ, ìdajì iṣẹ́ yín sì ń rìn yípo lásán.

Ibi tó máa ń bọ́ sí rèé. Mo ti bá sáfà kan pàdé tí `multipath -ll` rẹ̀ mọ́ bí àwo, ọ̀nà mẹ́rin pé, 50 àti 10 wà níbi tó yẹ. A fa wáyà kan yọ, ibi ìpamọ́ náà sì kú pátápátá. A wo `/etc/fstab` (fáìlì tó ń sọ dísìkì tí sáfà máa ṣí nígbà tó bá tàn): `/dev/sdb1` ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ti kọ ọ́ kí wọ́n tó fi multipath sí i, kò sì sẹ́ni tó padà síbẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin wà, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà. Ẹ wo fstab yín nísinsìnyí: `/dev/mapper/` ni kẹ́ ẹ rí níbẹ̀, pẹ̀lú `_netdev` kí sáfà má bàa wá dísìkì kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dìde. Bẹ́ ẹ bá ń lo LVM (ètò Linux tó ń pín ààyè dísìkì), ẹ tẹ `pvs`, kẹ́ ẹ rí i pé mpatha ló dárúkọ, kì í ṣe sdb.

Ìgbésẹ̀ 6: ẹ fa á yọ

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, òun sì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fún ní àkókò jù. Ẹ ṣe é kí dátà gidi tó dé orí àpótí. Bó bá ti débẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn, kẹ́ ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó.

Ẹ ṣí ojú ìwòye kan, kẹ́ ẹ jẹ́ kí aago máa kọ ara rẹ̀ sórí LUN náà:

```
while true; do
  date +%T | tee -a /mnt/data/aago.txt
  sync /mnt/data/aago.txt
  sleep 1
done
```

Ní ojú ìwòye kejì, ẹ gbé ẹrù lé e:

```
fio --name=eru --directory=/mnt/data --size=20G --rw=randrw \
    --bs=8k --iodepth=16 --ioengine=libaio --direct=1 \
    --time_based --runtime=3600
```

Ní ìkẹta, `watch -n 2 multipath -ll`. Ẹ tún gbé fáìlì ńlá kan síbẹ̀, kẹ́ ẹ kọ `sha256sum` rẹ̀ (àmì tó máa yí padà bí fáìlì bá yí padà) sílẹ̀, ẹ ó tún un ṣe nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti orí kékeré. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì sáfà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ. Ọ̀nà méjì á di `failed`, méjì á kù. Ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ dúró títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi pé. Lẹ́yìn náà, ẹ pa súwíìṣì 1. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ojú ìṣàkóso sọ fún B kó tún ara rẹ̀ tàn. Bí gbogbo èyí bá kọjá ní àlàáfíà, ẹ lọ sẹ́yìn àpótí, ẹ tú ìdè A, kẹ́ ẹ fa á jáde. Ìgbẹ̀yìn ni wáyà iná: apá kan, kẹ́ ẹ dá a padà, lẹ́yìn náà apá kejì. Láàárín ìdánwò kan sí òmíràn, ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ padà, ẹ̀dà cache sì gbọ́dọ̀ ti bá ara mu. Ẹni tó bá fa A yọ nígbà tí B ṣì ń jí lọ́wọ́ ti fa àwọn méjèèjì yọ.

Nígbà tí mo ṣe é kẹ́yìn, aago ń kọ lọ láìdúró, 14:07:29, 14:07:30, 14:07:31. Mo fa A. Ojú ìwòye dúró. Ẹni tí kò bá tíì rí i rí, àyà rẹ̀ á já níbẹ̀, torí pé kò sí ohun tó ń mira. Lẹ́yìn náà, 14:07:45, 14:07:46, ó ń lọ. Ìṣẹ́jú àáyá 14 ni, iye náà ò sì jẹ́ kàyéfì bí ẹ bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àárín súwíìṣì àti A ni wáyà ti já, sáfà ò rí i. Ìgbà tí iSCSI bá béèrè pé "ṣé o wà níbẹ̀?" ló tó mọ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá 5-5 ló máa ń béèrè, á dúró fún 5 mìíràn kí èsì dé, a sì ti fi 5 ti `replacement_timeout` lé e. Àpapọ̀ rẹ̀ lè tó 15. Ká ní 120 ṣì wà níbẹ̀ ni, ó lè ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ẹ fi iye tẹ́ ẹ rí yẹn wé sùúrù àwọn ètò tó wà lókè. Linux máa ń fún dísìkì SCSI ní ìṣẹ́jú àáyá 30 lórí iṣẹ́ kan (`cat /sys/block/sdb/device/timeout`). Ètò tí kì í ní sùúrù ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ á ké jáde, bẹ́ẹ̀ kọ̀ntírólà ò ṣẹ̀ ẹ́. Ètò yẹn lẹ ó tún ṣe, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín gbogbo nǹkan ìsàlẹ̀ kù títí ọ̀nà tó kàn sín díẹ̀ á fi di òkú.

Bẹ́ ẹ bá dá A padà, ẹ wò ó bóyá àwọn LUN rẹ̀ padà sílé. Àwọn àpótí kan ń dá wọn padà fúnra wọn, àwọn míì ń retí pé kẹ́ ẹ pàṣẹ. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé, gbogbo LUN á máa gbé lọ́dọ̀ B fún oṣù mélòó kan, A á jókòó láìṣe nǹkan, ìwọ̀n ẹrù tẹ́ ẹ ṣe ní ìgbésẹ̀ 1 á sì di asán.

Ìgbésẹ̀ 7: ẹ má jẹ́ kó kú sílẹ̀ láìmọ̀

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nínú ètò yìí ni bó ṣe ń bo àìsàn mọ́lẹ̀. Kọ̀ntírólà kan á kú, iṣẹ́ á máa lọ, kò sẹ́ni tó máa pariwo, ó kàn jẹ́ pé iná kékeré kan lẹ́yìn ráàkì á ti kúrò ní àwọ̀ ewé, á ti di àwọ̀ ọsàn. Èyí tó kù á wá kú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ẹ jẹ́ kí àpótí máa fi ìmeèlì ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì dán ìmeèlì náà wò, torí pé ọ̀pọ̀ ń lọ sínú àpótí lẹ́tà ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lórí sáfà, ẹ jẹ́ kí àṣẹ yìí máa ṣiṣẹ́ lóòrèkóòrè:

```
multipath -ll | grep -c 'active ready running'
```

Iye tó bá mú wá gbọ́dọ̀ jẹ́ 4 lọ́nà iye LUN. Bó bá dín, kó ké sí ẹnì kan.

Bátìrì cache máa ń gbó. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, àpótí á dáwọ́ ìkọ̀wé sínú cache dúró, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa gbọ́ sì ni pé "nǹkan ń falẹ̀ láti àná." Ẹ wo ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì jà.

Ìmúdójúìwọ̀n firmware ló máa pe kọ̀ntírólà kejì sí iṣẹ́ jù, ju àbùkù lọ. Àpótí á pa ọ̀kan, á tún un ṣe, á tàn án, á wá kan èkejì. Ìyẹn túmọ̀ sí pé sáfà tó ní ọ̀nà méjì péré lọ́jọ́ náà, lọ́dọ̀ kọ̀ntírólà kan náà, máa kú. Ẹ ka ọ̀nà gbogbo sáfà kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ní láti pààrọ̀ kọ̀ntírólà tó kú, ẹ fi bébà lẹ wáyà kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, kẹ́ ẹ wo iná tó wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó fa á. Èyí tó dáa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n jọra bí ìbejì, ọwọ́ sì máa ń ṣì. Ẹ gba ojú ìṣàkóso tan iná ìdánimọ̀ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ yọ, kẹ́ ẹ ní kí ẹnì kejì dúró tì yín, kó ka lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ sókè.

Ẹ tún rántí pé inú àpótí irin kan ṣoṣo ni A àti B jọ ń gbé, lórí pátákó àárín kan ṣoṣo. Bí fáìlì bá parẹ́ nípa àṣìṣe, kíá ni àwọn méjèèjì á jọ pa á rẹ́. Ẹ̀dà dátà gbọ́dọ̀ wà lórí àpótí mìíràn, nínú ilé mìíràn bó bá ṣeé ṣe.

Ẹ ṣí ìwé kan fún ìdánwò yìí nìkan: ọjọ́, ohun tẹ́ ẹ fà yọ, iye ìṣẹ́jú àáyá tí aago fi dúró, bí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó padà, ètò tó ké àti orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ń tún un ṣe, àti ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ kan wáyà, súwíìṣì tàbí firmware. Bí iye ìṣẹ́jú àáyá bá ti fò láti 14 sí 40 láìsí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀, iscsid.conf sáfà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí.